Ta Ló Mọ Ògiri sí Àárín Sáyẹ́ǹsì àti Áàtì?

Ẹ̀yin SS1 tí ẹ dúró síbí nítorí pé ẹ ń wá orúkọ yín lára ìwé funfun tó wà lápá ọ̀tún, ẹ kú ìdúró. Tí ẹ bá ti rí orúkọ yín tán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sún sápá òsì díẹ̀, torí ìwé funfun yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìwé náà pín àwọn SS1 sí ọ̀nà mẹ́ta: Sáyẹ́ǹsì, Áàtì àti Kọmáṣà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tí ibi tí wọ́n fi í sí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ rí igbákejì ọ̀gá àgbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ó di ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹni tó fẹ́ ra bàtà ní Dùgbẹ̀ gan-an á kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò, á fi rìn lọ rìn bọ̀, kó tó yọwó. Àwọn àbúrò wa ò tíì fojú kan Physics rí, wọn ò mọ bí Government ṣe rí. Basic Science àti Social Studies ni wọ́n kà ní JSS. Inú ọ̀sẹ̀ méjì la ní kí wọ́n ti mọ èyí tó bá wọn lẹ́sẹ̀ mu.

Báwo ni wọ́n ṣe pín wọn? Kì í ṣe àṣírí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èsì JSS3 ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí máàkì Ìṣirò àti Basic Science rẹ̀ bá ga, Sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó bá wà láàárín, Kọmáṣà. Àwọn tó kù, Áàtì. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣa ẹ̀wà nìyẹn: èyí tó dáa sínú ìkòkò, ìyókù wà nínú àtẹ. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan tó bi ọmọ pé kí lo fẹ́ dà.

SS2 Sáyẹ́ǹsì lèmi wà, nítorí náà kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni gba nǹkan lọ́wọ́ mi ni mo ṣe ń kígbe. Ibi tó wù mí náà ni mo wà. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní kíláàsì wa. Bí ọmọ Áàtì kan bá wọlé wá yá rúlà, ẹnìkan á sáà sọ pé “olódo ti dé.” Olùkọ́ kan wà, mi ò ní dárúkọ, tó jẹ́ pé bí ẹnìkan ò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á ní òun máa dá a padà sí Áàtì, bí ẹni pé Áàtì jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ Áàtì míì náà ti gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, “Ṣebí Áàtì la wà, kí la fẹ́ fi kàwé alẹ́ ṣe?” Bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí. Àwa méje la wà nínú ẹgbẹ́ oníròyìn, ọmọ Áàtì ni márùn-ún nínú wa. Àwọn tó lọ ṣojú ilé-ìwé wa níbi ìdíje àríyànjiyàn ní táàmù tó kọjá, Áàtì ni gbogbo wọn. Ta wá ni olódo níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló mọ ògiri yìí? Ọ̀pọ̀ wa rò pé WAEC ni, tàbí JAMB. Èmi náà fẹ́ mọ̀, ni mo bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

WAEC ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ọmọ Sáyẹ́ǹsì ni tàbí ọmọ Áàtì. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kí ẹ̀kọ́ tí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ fún má dín ní 8, kó má sì ju 9 lọ, kí àwọn tó jẹ́ dandan sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí bá jáde, orúkọ ẹ̀kọ́ àti máàkì ló máa wà nínú rẹ̀, láti A1 títí dé F9. Kò sí ìlà kankan tí wọ́n máa kọ “ọmọ Áàtì” sí.

JAMB ńkọ́? Ẹ̀kọ́ 4 ni wọ́n fẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́. Mẹ́ta tó kù, ohun tí ènìyàn fẹ́ lọ kà ní yunifásítì ló máa sọ ọ́. Ìbéèrè 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ìkọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù, gbogbo rẹ̀ 180, ní wákàtí 2, lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ìwé ìtọ́sọ́nà kan tí gbogbo wa ń pè ní brochure, níbi tí wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé òmíràn. SS3 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé wa ti ń kọ́kọ́ ṣí ìwé yẹn, nígbà tí wọ́n bá ń lọ san owó fọ́ọ̀mù ní káfè. Nígbà yẹn, omi ti kọjá lábẹ́ afárá.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kò ní ibi tó fẹ́ yà sí: Biology, Chemistry, Physics, ó parí. Ẹni tó fẹ́ ka òfin, Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kó kọ́kọ́ dì mú. Títí dé ibi yìí, ògiri ṣì dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n ẹ wo Estate Management: Ìṣirò, Economics, àti ẹ̀kọ́ kan sí i. Ẹ wo Computer Science: Ìṣirò àti Physics, lẹ́yìn náà kí ènìyàn mú ọ̀kan nínú Chemistry, Biology, Agric, Economics tàbí Geography. Ẹ tún wo ti àwọn tó ń yàwòrán ilé, ìyẹn Architecture: Physics, Ìṣirò, ẹ̀kẹta sì lè jẹ́ Chemistry, ó lè jẹ́ Geography, ó lè jẹ́ Economics, ó sì lè jẹ́ Fine Art. Ẹ ò rí i báyìí? Fine Art, tí àwa ń pè ní ẹ̀kọ́ àwọn tí kò mọ̀wé, wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú Physics, JAMB fúnra wọn ló kọ ọ́. Lóòótọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè fi tirẹ̀ kún un, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má kàn gba ọ̀rọ̀ mi, kó lọ wo ti yunifásítì tó wù ú. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tó ni ìdánwò ò mọ ògiri kankan. Inú ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n ti mọ ọ́n, lórí táìmùtébù.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní kíláàsì wa. Ẹ̀yìn ìwé Biology rẹ̀ kún fún àwòrán ilé. Kì í ṣe ilé bọ́ńgálò tí gbogbo wa ń yà ní JSS1 o. Ilé tó ní àtẹ̀gùn, tó ní ojú fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ máa gbà wọlé, tí ó kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé tó fẹ́ kọ́ fún màmá rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù níwájú. Architecture ló fẹ́ lọ kà. Ó jókòó, ó ka ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ṣe ní WAEC lórí ìka ọwọ́ rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Civic, Data Processing, Physics, Chemistry, Biology, Geography, Fine Art. Mẹ́sàn-án géérégé. Kò ju, kò dín. Kò sí ohun tí WAEC máa sọ sí i.

Àmọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, píríọ́dù kẹta àti ìkẹrin, Fine Art wà ní SS2 Áàtì. Àkókò yẹn náà ni Sáyẹ́ǹsì wà nínú láàbù Chemistry. Ohun tó dí i lọ́wọ́ kò ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe ọpọlọ, kì í ṣe owó, kì í ṣe òfin ìjọba. Píríọ́dù méjì tó dojú kọ ara wọn ni. Wọ́n ní kó fi Fine Art sílẹ̀, kó mú Agric dípò rẹ̀. Ó ń ṣe Agric báyìí. Ó ń yàwòrán ilé adìẹ.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọnà àti ilé kíkọ́ ò bára tan, kó wo ìlú wa níbí. Ilé ìsìn kan wà ní Ìbàdàn tí ó jẹ́ ti àwọn Dominican. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà ni Demas Nwoko. Fine Art ni ọkùnrin yìí kà ní Zaria, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Nigerian College of Arts, Science and Technology. Ó kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní iṣẹ́ tíátà níbí ní UI. Ó tún ń kọ́lé. Ní 2023, níbi àfihàn ńlá tí àwọn ayàwòrán-ilé gbogbo àgbáyé ń ṣe ní Venice ní Ítálì, òun ni wọ́n fún ní Kìnnìún Wúrà, àmì ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn. Ẹ jẹ́ ká ní ilé-ìwé wa ló wà. Ìgbà tí Fine Art bá ti wọ̀ ọ́ lójú, a ó ti fi í sí Áàtì. A ó sì sọ fún un pé kò kàn án bí bíríkì ṣe ń gbé ara wọn dúró.

Kódà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún SS ní 2011 kò sọ pé ọ̀nà mẹ́ta. Mẹ́rin ni wọ́n là: sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ìmọ̀ èdè àti àṣà ọmọ ènìyàn, ìmọ̀ òwò, ìkẹrin sì ni ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìkẹrin dà ní ilé-ìwé wa? Yàrá Technical Drawing wà lẹ́yìn kíláàsì JSS2, àga fífọ́ ló ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú aláǹgbá. Ètò yẹn kan náà ló ní kí gbogbo ọmọ SS mú iṣẹ́ ọwọ́ kan mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ 34 ni wọ́n kọ sílẹ̀ ká mú nínú rẹ̀. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ tiwa jẹ́ 2, Data Processing àti Marketing, Data Processing náà sì ń lo kọ̀ǹpútà mẹ́fà fún ọmọ ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, mo lọ bá olùkọ́ wa tó ń to táìmùtébù. Wọn ò lé mi. Wọ́n gbé káádìbọ́ọ̀dù ńlá kan jáde, wọ́n fi hàn mí, ọ̀rá ìrésà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ú. Wọ́n ní olùkọ́ Physics kan ṣoṣo ló ń kọ́ SS1, SS2 àti SS3. Wọ́n ní olùkọ́ Fine Art wa ló tún ń kọ́ gbogbo JSS ní iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní bí àwọn bá gbé píríọ́dù kan kúrò níbí, mẹ́rin míì á ṣubú. Wọ́n tún sọ ohun kan tí mi ò lè já ní koro: tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, àwọn kan á kàn máa fò kiri. Lónìí wọ́n wà ní Áàtì torí pé ọ̀rẹ́ wọn wà níbẹ̀, lọ́la wọ́n ti wà ní Kọmáṣà torí pé olùkọ́ ibẹ̀ kì í nani. Òótọ́ ni. Mo mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ táìmùtébù le, mo sì kí wọn kú iṣẹ́.

Síbẹ̀, mo wo káádìbọ́ọ̀dù yẹn dáadáa kí n tó kúrò níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń bá ara wọn jà. Fine Art, Geography, Economics, Lítíréṣọ̀, Yorùbá àti Agric, olùkọ́ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ wọn. Tí wọ́n bá kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí àkókò kan náà, bí àpẹẹrẹ Ọjọ́rú píríọ́dù méjì tó kẹ́yìn àti ọjọ́ Ẹtì píríọ́dù méjì tó ṣáájú bíréèkì, fún gbogbo SS2, kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀, kò sí olùkọ́ tí wọ́n máa fà ya sí méjì. Ní àkókò yẹn, kálukú á gbé ìwé rẹ̀, á lọ sí ibi tí ẹ̀kọ́ tó mú wà. Ọmọ Sáyẹ́ǹsì tó fẹ́ yàwòrán ilé á lọ sí Fine Art. Ọmọ Kọmáṣà tó fẹ́ràn ìwé ìtàn á lọ sí Lítíréṣọ̀. Ọmọ Sáyẹ́ǹsì tó fẹ́ kọ Yorùbá ní WAEC, tó sì jẹ́ pé ní báyìí abẹ́ igi máńgò ló ti ń kà á fúnra rẹ̀, òun náà á rí olùkọ́. A mọ̀ pé kò ní tán gbogbo wàhálà. Ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ́ méjì nínú mẹ́fà yẹn á ṣì fi ọ̀kan sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi yẹn, Geography rẹ̀ ló máa wá du àyè pẹ̀lú Fine Art, kì í ṣe Chemistry, ó sì ti sọ fún mi pé òun á fi Geography sílẹ̀ láì sunkún.

Àwọn kan ní kí ẹni tó bá fẹ́ àfikún lọ gba lẹ́sìnì lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ilé-ìwé ọjọ́ kan ṣoṣo la jẹ́, a ò gbé inú ọgbà. Bí aago méjì bá ti lù, àwọn míì ń sáré lọ wọ Máíkírà lọ sí Mọ́níyà, àwọn míì ń lọ gba ìsọ̀ lọ́wọ́ màmá wọn kí màmá náà lè lọ ra ọjà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ lówó lọ́wọ́ nìkan ló máa rí lẹ́sìnì Fine Art gbà. Ohun tó yẹ kó wà nínú ilé-ìwé ìjọba fún gbogbo wa á wá di ohun tí a ń rà níta.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa, tìtẹríba-tìtẹríba. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kì í ṣe ọmọ ló máa ń wá rí igbákejì ọ̀gá àgbà, Dádì ni. Dádì á dé pẹ̀lú agbádá, á ní kí wọ́n gbé ọmọ òun kúrò ní Áàtì, òun ò bí lọ́yà, dókítà lòun bí. Ọmọ náà á dúró sẹ́yìn, á máa wo ilẹ̀. Ẹni tí Chemistry ò wọ̀ létí rárá máa wà nínú láàbù fún ọdún mẹ́ta, kí àdúgbò lè gbọ́ pé Sáyẹ́ǹsì ló wà. Mi ò bá àwọn òbí jà o, àwọn ló ń san owó, ìfẹ́ ló sì ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ìtàn Fẹlá. Ní 1958 ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù kó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, bí Olikóyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Bẹ́kọ̀ àbúrò rẹ̀ náà ṣe ṣe dókítà. Ilé-ẹ̀kọ́ orin ló gbà lọ. Ẹ má bínú, mi ò ní kí gbogbo wa lọ máa fun fèrè. Ẹni mẹ́ta inú ilé kan náà ni mo ń tọ́ka sí: méjì yẹ ní dókítà, ọ̀kan ò yẹ, kò sì sí ẹni tó lè pe ẹni tí kò yẹ yẹn ní olódo.

Ọmọ tó bá fẹ́ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó má lọ bá a pẹ̀lú ẹkún. Kó mú ìwé lọ. Bàbá tó ń pariwo pé Áàtì ò ní láárí kì í mọ ohun tí JAMB kọ. Ìgbà tí ó bá rí i ní àkọsílẹ̀ pé kọ́ọ̀sì báyìí ń fẹ́ ẹ̀kọ́ báyìí, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan ní kíláàsì wa. Ó kùnà fún ẹlòmíràn. Bàbá tirẹ̀ ní ta ló tẹ ìwé náà.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ní tiwa lọ́rùn. Àìmọye ló sá lọ sí Áàtì torí pé wọ́n ń sá fún Ìṣirò. Ta ló sọ fún yín pé Ìṣirò ò sí ní Áàtì? Dandan ni fún gbogbo SS, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ní yunifásítì ló sì máa ń béèrè kírẹ́díìtì rẹ̀ nínú márùn-ún tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó sá kúrò nílé torí eku, tó lọ sùn sínú àká, ibo ló sá sí? Àwọn míì tẹ̀ lé ọ̀rẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan ní SS1 ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ibi tí wọ́n bá fi ọ̀kan sí, ibẹ̀ ni èkejì máa lọ. Ìdúróṣinṣin dáa. Àmọ́ ẹ lè jọ jẹun ní bíréèkì láì jọ ṣe Accounting.

Mo rí ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa tó jẹ́ kí n mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè wúwo tó. Ilé-ìwé mìíràn ló lọ, kì í ṣe tiwa. Wọ́n fi í sí Kọmáṣà ní SS1 torí pé ibẹ̀ ló ṣẹ́kù àyè. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ṣe dáadáa, ó ní kírẹ́díìtì méje. Nọ́ọ̀sì ló ń fẹ́ láti kékeré, ó rò pé ìwé ẹ̀rí tó dára ti tó. Ọjọ́ tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB ni ọmọkùnrin káfè bi í pé, “Sista, Physics yín dà?” Kò ní Physics. Kò ní Chemistry. Biology nìkan ló ní, ìyẹn náà torí pé gbogbo ilé-ìwé wọn ló ń ṣe é. Báyìí, òun àti màmá rẹ̀ ń dín àkàrà láàárọ̀ níwájú ilé. Bó bá di aago mẹ́wàá, á fọ ọwọ́, á gba lẹ́sìnì lọ, níbi tí òun àti àwọn tó kéré sí i lọ́dún mẹ́ta jọ ń kọ́ bí iná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Ó fẹ́ jókòó fún WAEC tí àwọn tó ti kúrò nílé-ìwé ń ṣe, èyí tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pè ní GCE. Máàkì Physics tó ṣe gbẹ̀yìn níbi lẹ́sìnì jẹ́ 61, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara táńbìlì ẹ̀wà. Mo gbà pé ó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ti lọ, kò sì sí ẹni tó fi ìdánwò kankan mọ̀ nígbà náà pé kò lè ka Physics. Àyè ló ṣẹ́kù ní Kọmáṣà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa fún kò pọ̀. Ẹ fún àwọn SS1 ní táàmù kan dípò ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n ka gbogbo ẹ̀kọ́ náà wò, kí ìdánwò táàmù àkọ́kọ́ sì ti jáde kí ilẹ̀kùn tó tì. Bí táàmù kan bá pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kó jẹ́ títí di ìdajì táàmù. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fò kiri mọ́, a gbà. Ẹ fún wọn ní fọ́ọ̀mù tó béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ dà, kí ọmọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí òbí fọwọ́ sí i lẹ́yìn. Kí ẹ sì gbìyànjú àkókò kan náà fún ẹ̀kọ́ mẹ́fà yẹn lórí SS1 tuntun nìkan ní ọdún yìí, torí pé táìmùtébù wọn ni wọn ò tíì fi báírò kọ. Àwa SS2, tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ báyìí. Ẹni tó bá yí padà ní SS3 máa ka iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní oṣù díẹ̀, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò wa ní SS1, ẹ má dúró dè wọ́n kí ẹ tó ṣe tiyín. Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ kọ́ọ̀sì méjì tó wù yín sí i, ẹ má kọ ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ lọ wo ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí JAMB ń fẹ́ fún ìkọ̀ọ̀kan, àti kírẹ́díìtì márùn-ún tí yunifásítì ń béèrè. Ẹ̀kọ́ tó bá fara hàn nínú méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín. Ìyókù tó máa jẹ́ kó pé 8 tàbí 9, ẹ lè fi ṣe ohun tí ẹ fẹ́ràn, tàbí ohun tí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ́. Bí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ dà rárá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lẹ jẹ́. Ẹ sáà mú èyí tí kò ní ti ilẹ̀kùn púpọ̀ mọ́ yín. Ìṣirò àti Economics máa ń ṣí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

A ti da ojú ewé kọ́ọ̀sì ogún kọ láti inú brochure, ó wà lọ́dọ̀ olùtọ́jú yàrá ìkàwé, wọ́n ń ṣí ní bíréèkì kejì, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì yẹn máa pé. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbìyànjú àkókò kan náà yẹn, kó kọ orúkọ, kíláàsì àti ẹ̀kọ́ tó fẹ́ fi kún tirẹ̀ sínú ìwé tí a fi ìṣó kọ́ sísàlẹ̀ níbí. A máa gbé e lọ fún igbákejì ọ̀gá àgbà ní ọjọ́ Ajé. Báírò wà lára okùn. Èyí tí a so síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti rìn lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èyí dúró.